Iná Ìṣílé

Kì í ṣe pé agbẹ̀bí yìí kórìíra iná oòrùn o. Òun gan-an ló bẹ ìjọba títí wọ́n fi dá a lóhùn. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìgbẹ̀bí ti gbó kùjọ́kùjọ́, èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá àwọn aláboyún. Bẹ́ẹ̀ fìríìjì tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́, jẹnẹrétọ̀ yẹn nìkan ló gbójú lé.

Ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ tí àwọn ń dà sórí epo ti tó gẹ́ẹ́, oòrùn ló kàn. Inú agbẹ̀bí dùn. Ta wá ni wọ́n gbéṣẹ́ fún? Baba Elépo ni! Ọkùnrin tó ti jẹ owó ìrànwọ́ epo yó kẹ́ri, òun náà ni wọ́n tún bu ti oòrùn fún. Ojú ò kúkú tì wọ́n.

Lọ́jọ́ ìṣílé, pánẹ́ẹ̀lì ń dán gbinrin lórí òrùlé, àmọ́ kò sí bátìrì tó máa gba iná rẹ̀ nísàlẹ̀. Kọmíṣánnà sì ti dé ẹnu géètì tòun ti àwọn oníkámẹ́rà. Ni àwọn ọmọọṣẹ́ Baba Elépo bá gbé jẹnẹrétọ̀ tiwọn pamọ́ sẹ́yìn ògiri, wọ́n fa gbogbo dísẹ́ẹ̀lì ilé ìgbẹ̀bí sínú rẹ̀, wọ́n na wáyà wọlé. Agbẹ̀bí sáré lọ bá Baba Elépo pé epo fìríìjì nìyẹn, òun ò ní òmíràn.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kílẹ̀ tó ṣú, tuntun á dé. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kójú ti ìjọba.”

Ó gbà á gbọ́, ó dákẹ́. Kọmíṣánnà tẹ bọ́tìnnì, gílóòbù tàn yòò, àwọn ìyá ọlọ́mọ pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Èéfín ń rú túú lẹ́yìn ògiri, kámẹ́rà kọjú síbòmíràn.

Ilẹ̀ ṣú, epo ò dé. Ilẹ̀ mọ́, epo ò dé. Ó pe Baba Elépo títí, kò gbé e. Nígbà tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ fi máa pé, àmì kékeré ara ìgò, tó máa ń dúdú tí ooru bá ti ba abẹ́rẹ́ jẹ́, ti dúdú pátá. Ẹni tí ò rí epo fi ránṣẹ́ ti rí fọ́tò kọmíṣánnà fi ránṣẹ́, nínú férémù aláwọ̀ wúrà, pé kí agbẹ̀bí gbé e kọ́ síbi táwọn èèyàn á ti máa rí i. Kí ló jọ bẹ́ẹ̀?

Àwọn ìyá ti jókòó kún bẹ́ǹṣì, ọmọ ń ké. Nọ́ọ̀sì yọ́ bá a, ó ní kó kàn sọ pé abẹ́rẹ́ ò tíì dé. Agbẹ̀bí mi orí. Ó gbé páálí ìgò náà jáde, ó gbé e kalẹ̀ níwájú wọn.

“Abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ yín ti bàjẹ́. Iná tí a jọ pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́sí kì í ṣe ti oòrùn. Epo fìríìjì yìí ni wọ́n fi tàn án, ojú mi ni wọ́n sì ṣe é.”

Ìyá kan wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí, ó wá nù ún mọ́ aṣọ.