Ilé Bíríkìlà ní Oṣù Tuntun

Nígbà tí ìjọba ń múra àtilọ tẹ̀dó sójú òṣùpá, bíríkìlà kan wà tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé tó ń gbé: yàrá mẹ́ta, fèrèsé mẹ́fà, ògiri tó gún bí ọ̀rọ̀ olóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé. Wọ́n ní àdúgbò wọn ni ọkọ̀ òṣùpá yóò ti máa gbéra. Ìlà méjì ló tẹ̀ lé e: "A ó wó ilé yín ní Oṣù Tuntun. A ó fún yín ní òmíràn ní Oṣù Tuntun."

"Kò burú," ni bíríkìlà wí. "Wọn á wó o, wọn á fún wa ní tuntun, nínú oṣù kan náà. Ìjọba tó mọṣẹ́ nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ. "Bàbá wọn, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn. Ẹ lọ béèrè."

Ó lọ. Akọ̀wé tó bá ní ọ́fíìsì kò ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ.

"Bàbá, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀ o. Orúkọ ìlú tí a fẹ́ tẹ̀ dó sójú òṣùpá ni. A ti ya ilé yín sínú àwòrán. Yàrá mẹ́rin ni."

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Ó ku ẹ́ńjìnnì."

"Kí ló wá wà nílẹ̀?"

"Ìjókòó."

"Ibo ni kí èmi àti ìyá wọn máa sùn títí ẹ́ńjìnnì á fi dé?"

Akọ̀wé họrí. "Ọ́fíìsì míì ló ń rí sí oorun."

Nígbà tó jáde, àwọn ará àdúgbò ti kún ojúde. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Gbóhùn-wa, ló ṣáájú wọn.

"Iwájú òṣùpá ni wọ́n fún àwọn ará àdúgbò òkè. Ẹ̀yìn ni wọ́n kó àwa sí, ibi tí aráyé ò lè rí. Ọjọ́ wo la ò sí lẹ́yìn?"

"Tíṣà, ọkọ̀ ò tíì lẹ́ńjìnnì," ni bíríkìlà wí.

"Ṣé ká dúró de ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó rẹ́ wa jẹ ni?"

"Ilé tí wọ́n fẹ́ wó níbí ńkọ́?"

"Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká gba iwájú ná."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, katapílà dé pẹ̀lú akọ̀wé. Bíríkìlà dúró sẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà lọ́wọ́.

"Ọmọ mi, ka ìlà kìíní."

Ó kà á.

"Níbo ni Oṣù Tuntun wà?"

"Lójú òṣùpá."

"Ibẹ̀ lẹ ti máa wó ilé mi nìyẹn. Kí ni katapílà ń wá níbí?"

Akọ̀wé tún un kà. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. "Ọ̀gá, bàbá yìí ò purọ́. Bákan náà ni wọ́n kọ ìlà méjèèjì."

Akọ̀wé pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá pe ọ̀gá tirẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, èsì dé: ìjọba kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Wọ́n gbé àwòrán jáde, wọ́n fi gègé pupa fagi lé ilé oníyàrá mẹ́rin náà, wọ́n sì ní kí bíríkìlà fọwọ́ sí i pé ìṣojú òun ni wọ́n ti wó o.

Ó sáré lọ bá Gbóhùn-wa. "Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wa gbà. Ẹ sọ ohun tí mo sọ, pé ojú òṣùpá ni kí wọ́n ti wó ilé yín."

"Ká fọwọ́ ara wa wó ilé wa lójú òṣùpá, kí àwọn ará òkè máa fi wá rẹ́rìn-ín? Ká má rí i."

Ni katapílà bá wó ilé àwọn ará àdúgbò tán, láti igun dé igun, wọ́n ń kọrin iwájú òṣùpá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rọ́ wá sí ilé bíríkìlà, ẹrù lórí, wọ́n wá bá a kẹ́dùn ilé tó pàdánù lójú òṣùpá. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga fún wọn, ó tẹ́ ẹní fún àwọn tí kò rí àga. Yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún.

Bíríkìlà yọ síta ní ìrọ̀lẹ́. Òṣùpá ti yọ, ó funfun bí ẹfun, oòrùn ò tíì wọ̀. Ó wò ó títí.

"Kí lẹ ń wò?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Yàrá mẹ́rin ni. Ì bá gbà wá."