Máìkì tó Yẹ Ìyá Súnnà

"Àǹtí mi, òkun ni mò ń gbọ́ o. Ṣé òkun lẹ lọ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ni?"

Tàjùdéèn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, íyápíìsì ń bẹ létí ẹ̀, ó ti fajú ro bí ẹni tó jẹ ọsàn kíkan. Rẹ̀kọ́dà kékeré tí Rẹ̀míláyọ̀ gbé wá wà lórí káńtà níwájú ẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró tó ti ń ta máìkì yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíríjì Ajah, wáyà ló rọ̀ sílẹ̀ láti òkè bí ìfun màlúù níwájú alápatà.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jàre," ni Rẹ̀míláyọ̀ wí. "Ìyá àgbà kan ń bẹ nínú ẹ̀. Tẹ́tí dáadáa."

"Mo gbọ́ ẹnì kan tó wúkọ́."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín fún Rẹ̀míláyọ̀. Aránṣọ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ka ìtàn sórí Wọ́sáàpù, tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, títí ó fi dé etí Àǹtí Fúnláyọ̀, olóòtú rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Lekki. Àǹtí Fúnláyọ̀ ní kó lọ gba ìtàn àgbà kan wá. Tó bá dáa, òun á fún un láyè ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Rẹ̀míláyọ̀ gba Eleko létí òkun lọ bá Ìyá Súnnà tó ń yan ẹja, ó gba ìtàn dé, Àǹtí Fúnláyọ̀ dá a padà. "Ohùn ò jáde, Rẹ̀mí. Tí èyí tó dáa ò bá dé ọwọ́ mi kó tó di Jímọ̀, ẹlòmíì ni màá gbé àyè yẹn fún."

Ọ̀la sì ni Jímọ̀.

"Níbo lẹ gbé rẹ̀kọ́dà sí nígbà tí ìyá ń sọ̀rọ̀?" ni Tàjùdéèn bi í.

"Orí itan mi."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá wà nídìí ààrò ẹja wọn lọ́hùn-ún."

Tàjùdéèn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá ń retí kí ohùn fò wá bá yín! Kí ló dé tẹ́ ò gbé e sún mọ́ wọn lẹ́nu?"

"Èmi? Kí n na irin sí Ìyá Súnnà lẹ́nu, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin? Wọ́n kọ́ mi nílé o."

"Ó dáa, tẹ́ ò bá fẹ́ sún mọ́ wọn." Tàjùdéèn fa máìkì kan yọ, ó gùn tín-ín-rín bí ọ̀pá ìgbálẹ̀. "Ẹni tó jìnnà ni wọ́n ṣe eléyìí fún. Ibi tẹ́ ẹ bá kọjú ẹ̀ sí ló ń gbọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ gbà á, ó kọjú ẹ̀ sí Bùsàrí tó ń rán bàtà lódìkejì. Bùsàrí fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá aránṣọ, kí lẹ nà sí mi yẹn? Ẹ gbà mí o, mo ti lẹ bàtà yín tán, ẹ má yìnbọn!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Rẹ̀míláyọ̀ rọra gbé nǹkan ọ̀hún sílẹ̀. Tí Bùsàrí bá lè sá fún un, kí ni ìyá arúgbó máa ṣe?

Tàjùdéèn tún mú òmíràn jáde, bíńtín bí hóró ẹ̀wà, ó ní àgekù wáyà àti kílíìpù kékeré tí èèyàn fi ń há a mọ́ aṣọ. "Ẹ fi há wọn láyà. Kò tiẹ̀ ní hàn."

Rẹ̀míláyọ̀ ronú sí i. "Ìyá máa ń da ìbòrí bo ara dé ìbàdí. Abẹ́ ẹ̀ ni nǹkan yìí máa wà. Èmi tí mò ń ránṣọ, mo mọ bí aṣọ ṣe ń pariwo tó bá ń ha ara wọn. Àbí kí n ní kí wọ́n ṣí ìbòrí kúrò?"

"Háà! Ẹ má dán an wò o."

Rẹ̀míláyọ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú ẹ̀ ń lọ láti orí wáyà kan sí òmíràn, títí ó fi kan máìkì olórí róbótó kan tí eruku ti bò lẹ́yìn káńtà.

"Gbé ìyẹn wá."

"Èyí? Ti àwọn oníwàásù ojú títì? Àǹtí, kò tó àwọn tí mo fi hàn yín o. Tí kò bá ti sún mọ́ ẹnu bí ìka mẹ́ta, kò ní gbọ́ yín."

"Tí kò bá gbọ́ ohun tó jìnnà, kò ní gbọ́ òkun nìyẹn."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé e sún mọ́ ìyá lẹ́nu? Ṣebí wọ́n kọ́ yín nílé."

"Àwọn fúnra wọn ni. Ṣé o mọ iye ọdún tí wọ́n ti ń darí àdúrà àsálátù l'Eleko, tí irú máìkì yìí ń bẹ lọ́wọ́ wọn? Wọ́n mọ̀ ọ́n dì mú ju èmi àti ìwọ lọ."

Tàjùdéèn wò ó, ó mi orí. Ó wá ẹnu wáyà kékeré tó máa wọ ihò rẹ̀kọ́dà, ó fi fóòmù dúdú bo orí máìkì nítorí atẹ́gùn. "Ẹ yí rẹ̀kọ́dà sókè dáadáa o. Eléyìí kì í dá fa ohùn."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlásárì tán nígbà tó dé Eleko. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé máìkì fún Ìyá Súnnà nídìí ààrò. Ìyá yẹ̀ ẹ́ wò tiwájú tẹ̀yìn.

"Nǹkan tó o gbàgbé sílé níjọ́sí rèé? O fi mí sílẹ̀ tí mò ń lọgun bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ ojú omi padà."

"Ẹ má bínú, mà. Mo rò pé ìwọ̀sí ni tí mo bá nà án sí yín."

"Ìwọ̀sí wo? Kéèyàn ní kí n sọ̀rọ̀, kó má wá gbọ́ mi, ìyẹn ni ìwọ̀sí."

Ìyá gbá máìkì lórí lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sẹ́bàá ẹnu, ó kí gbogbo ayé ní sàlámà. Nínú íyápíìsì, ohùn ìyá wọlé wá jókòó ti Rẹ̀míláyọ̀. Òkun ṣì ń bẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ará ilé kejì. Orí Rẹ̀míláyọ̀ wú.

Ìyá sọ̀rọ̀ dé ìdí. Ó sọ bí òkun ṣe gba ilé ìyá òun, tí wọ́n sì gbé ààrò sá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sọ bí inú wọn ṣe dùn nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ dé, tí ẹja àárọ̀ ń dé Ọbáléńdé kí oòrùn tó mú. "A ò mọ̀ pé ọ̀nà tó ń gbé ẹja lọ náà ló máa gbé àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá."

Nígbà tó parí, Rẹ̀míláyọ̀ nawọ́ kó pa rẹ̀kọ́dà. Ìyá dá a dúró.

"Ta ló ń bi mí ní ìbéèrè látẹ̀ẹ̀kan? Ṣé kí àwọn tó ń gbọ́ máa rò pé iwin ni?" Ìyá na máìkì, ó fi kan ètè Rẹ̀míláyọ̀. "Dárúkọ ara ẹ."

"Èmi ni Rẹ̀míláyọ̀ Ọdúnjọ," ló wí, wúyẹ́wúyẹ́.

"Gbé e sókè! Ṣé ebi ń pa ẹ́ ni?"

"Èmi ni Rẹ̀míláyọ̀ Ọdúnjọ! Aránṣọ ni mí l'Ajah, Eleko ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀!"

Ìyá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí la gbọ́."

Rẹ̀míláyọ̀ so rẹ̀kọ́dà mọ́ fóònù. Ó rò ó bóyá kó gé ibi tí ìyá ti jágbe mọ́ ọn kúrò. Kò gé e. Lórí eékún tó wà náà ló ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Àǹtí Fúnláyọ̀.