Ooru Tí Ìbídùn Kà Lẹ́ẹ̀mejì

Iná tí Ìbídùn fi ìṣirò dá nínú kọ̀ǹpútà ti jáde síta, ó dúró ní àgbàlá màmá rẹ̀, ó ń retí igi. Màmá rẹ̀, amọ̀kòkò tó ti kú láti ọdún tí Ìbídùn wọ yunifásítì, jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó gbé ìkòkò tútù kan lé itan. Òun ni ìkòkò tó mọ kẹ́yìn, tí ikú kò jẹ́ kó sun. Ó ní iná ẹnikẹ́ni kò ní sun ún bí kò ṣe ti ọmọ òun. Orí Ìbídùn wú.

Wọ́n to igi yí ìkòkò ká. Iná náà gbà á, ó sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ògiri yọ́ bí òrí. Àwọn ilé àdúgbò ń sún sẹ́yìn, wọ́n ń tọrọ gáfárà. Màmá bi í léèrè pé ṣé ìkòkò ló fẹ́ sun ni àbí ìlú. Etí ìkòkò ti ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òmíràn mọ́, nítorí òkú kì í po amọ̀.

Ìbídùn ká ìṣirò iná náà, tó wà ní sísá bí aṣọ, kúrò lórí okùn aṣọ. Ó bi igi kan tó ń jó léèrè ibi tó ti rí gbogbo ooru yìí. Igi ní ooru òun ti wà lára òun láti ìgbà tí òun ti wà lóko nínú òjò, iná kàn tú u sílẹ̀ ni. Ìbídùn wá rí i. Ó ti ka ooru yẹn mọ́ igi nígbà tí igi ń wọnú iná, ó sì tún kà á bíi tuntun nígbà tí igi jó. Ó fi àtàǹpàkò pa ìlà kan rẹ́ nínú ìṣirò náà. Iná rẹlẹ̀, ó jókòó ti ìkòkò jẹ́jẹ́, etí ìkòkò sì nà padà.

Láyé rẹ̀, màmá Ìbídùn kì í yin ìkòkò láìkọ́kọ́ fi ìka kàn án, kó gbọ́ bóyá ó ti jinná. Nígbà tí ìkòkò yìí jáde nínú iná, ó wọ́n omi èèpo irúgbá tí í mú ìkòkò dán sí i, ó fi oríkèé ìka kàn án. Ó dún gooro. Àwọn òkú àdúgbò jáde wá wò ó.

“Ọmọ mi ló sun ún,” ló ń wí fún wọn, ó sì ń tún un sọ fún àwọn tó ti gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó fa Ìbídùn mọ́ra, ó fi oríkèé ìka kan náà kàn án níwájú orí. Iwájú orí Ìbídùn dún gooro, gbogbo àgbàlá gbọ́.

“Èyí náà ti jinná,” ni màmá rẹ̀ wí.