Abọ́ Mẹ́fà ní Ìbà

Abọ́ karùn-ún náà ń dán gbinrin. Akínwándé wolé-wolé dà á dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Nǹkan kan kò já sílẹ̀. Ó pòṣé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí ilé tó kù.

Láti oṣù tó kọjá ni ó ti pín abọ́ tánganran mẹ́fà sí àgbàlá mẹ́fà ní Ìbà, létí kòtò ńlá tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń wa ilẹ̀ pupa fún títì Àgbádárìgì. Owó epo rọ̀bì ti dé, típà kò sì sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Eruku tó bá bà sínú abọ́ ni yóò gbé lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé bí kò bá sí iye eruku kan pàtó lórí ìwé lónìí, kò sẹ́ni tí yóò bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Gbogbo ilé márùn-ún tó ti dé ni wọ́n ti fọ abọ́. Ilé kan tilẹ̀ fi eérú bó tirẹ̀.

Ilé tó kù ni ti Ìyá Sàdíátù, opó arúgbó kan. Abọ́ tirẹ̀ wà lórí tábìlì ní pálọ̀, aṣọ funfun ni ó fi bò ó. Akínwándé ṣí i. Ó mọ́ tónítóní.

“Ìyá, mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án!”

Obìnrin náà wolẹ̀. “Ẹ má bínú, wolé-wolé. Ẹ ní ẹ ó padà wá wò ó. Lọ́dún tí ẹ rí tanwíjí nínú ìkòkò omi wa, kọ́ọ̀tù ni ẹ gbé ọkọ mi lọ. Kí ni kí n tún jẹ́ kí ẹ rí?”

Akínwándé wá ojú ọkọ obìnrin náà nínú ọkàn, kò rí i. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tó ti gbé lọ sí kọ́ọ̀tù pọ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó rọra bẹ ìyá náà pé kó má bínú, ó gbé abọ́, ó jáde.

Típà méjì kọjá. Eruku pupa bo ojú ọ̀nà, Akínwándé sì fara ti ògiri, ó fọwọ́ bo imú. Ìgbà náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé Ìyá Sàdíátù, ikọ́ gbígbẹ tí kò fẹ́ tán, bí ohun tí èèyàn ti há mọ́ àyà láti ìgbà tí àlejò ti wọlé.

Akínwándé padà, ó kan ilẹ̀kùn.

Ikọ́ náà dá wáí.