Ọmọ Ológbò Ẹ̀yìn Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, ló fún ìyàwó mi ní ọmọ ológbò náà. N kì í bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ mọ́, látìgbà tó ti rán ṣòkòtò kan fún mi tó mọ sí ojúgun, tó sì wá ń sọ lójú àwọn àna mi pé ṣòkòtò ò kúrú, ẹsẹ̀ mi ló gùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rẹ́rìn-ín, n ò sì gbàgbé.

Nígbà tí ìyàwó mi gbé ológbò náà dé nínú páálí, mo ní kó dá a padà. Ó gbé e wọ yàrá. Àbíkẹ́yìn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ ni, mo sì ti bá ìyá ẹ̀ nílé ìdáná níbi tó ti ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Mo bá fi í sílẹ̀.

Bó ṣe ṣí páálí báyìí, ẹranko náà fò jáde, ó kó sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. A gbé ẹja síbẹ̀, kò wò ó. A gbé omi, kò tọ́ ọ wò. Ilẹ̀ mọ́, ẹja wà bó ṣe wà.

"Ariwo yín ló ń bà á lẹ́rù," ìyàwó mi ní. "Ẹ wo bí ẹ ṣe ń rìn bí ẹni ń lu ilẹ̀ ilé."

Bíríkìlà ni mí. Ilẹ̀ lílù niṣẹ́ mi. Síbẹ̀ mo bọ́ bàtà, mo pa rédíò, mo ti fèrèsé. A wá ń fojú bára wa sọ̀rọ̀ bí olè. Ológbò ń gbọ̀n ṣáá, igbe tó ń ké sì ń lọ sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n yín."

"Pè wọ́n. Ṣé mo di fóònù mú ni?"

"Mo ti pè wọ́n, ariwo ẹ̀rọ ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ẹ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù."

"Èmi?"

"Bàbá wọn, bí ológbò yìí bá kú, ẹ̀yin lẹ máa gbẹ́ ilẹ̀ tí a máa sin ín sí. Ẹ̀yin náà lẹ sì máa wojú mi."

Mo dé fìlà, mo jáde.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí ẹ̀rọ, àgékù aṣọ bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Ta ló kú?"

"Kò tíì kú. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Háà! Ẹnu ẹ ṣì ń ṣí? Mo rò pé o ti fi símẹ́ńtì dí i ni."

"Torí ológbò ni mo ṣe wá. Kò jẹun. A ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo níbẹ̀."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Ẹ jẹ́ kí ilé pa lọ́lọ́ fún un? Abẹ́ ẹ̀rọ yìí nìyá ẹ̀ bí i sí! Kò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rí láyé ẹ̀. Á ti rò pé inú sàréè lòun wà. Olóríkunkun, lọ tan rédíò ẹ. Má sì nawọ́ fà á o. Jókòó, kọ ẹ̀yìn sí i."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àgékù aṣọ tí ìyá ológbò ń sùn lé jáde, irun kún ara rẹ̀, ó rọ́ ọ sínú ọ̀rá fún mi.

"Ẹ ṣé," mo ní. Ó ń retí kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ọ̀rá, mo jáde.

Nílé, mo tẹ́ aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo yí rédíò síbi tí ọkùnrin kan ti ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù láìmí. Ìyàwó mi ń fọ abọ́ bí ẹni ń bá abọ́ jà. Mo jókòó sílẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń fi ìkangun ojú wò ó.

Imú kékeré yọ. Ó gbóòórùn aṣọ náà, ó gun orí ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tó yá, ó rìn dé ìdí ẹja. Ó ń jẹ, ó ń kùn, àfi bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ ẹ̀ kún fún ọṣẹ.

"Ó ń jẹ."

"Mo rí i."

"Ẹ má dìde o!"

N ò tiẹ̀ ní in lọ́kàn. Ìrù ológbò ti wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ní kó gbé oúnjẹ mi wá bá mi nílẹ̀, kó sì padà sídìí abọ́ rẹ̀ kíá, kó má jẹ̀ẹ́ kí ilé dákẹ́.