Alùpùpù Tó Gbé Bàbá Lọ

Ibi tí fírísà mi wà nínú gárèèjì ni ọkọ mi gbé òkú alùpùpù náà sí. Ó ti fírísà mi, tòun ti ẹran àti ẹja inú rẹ̀, lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo pariwo. Èmi Túndùn, mo lẹ́nu, gbogbo ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ní Hyattsville, ní Amẹ́ríkà níbí, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá Zoe, ṣé kò sí o? Irin jíjẹrà lẹ rà, lẹ wá fi lé oúnjẹ wa kúrò láyè rẹ̀?" Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Bàbá rẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ. Bàbá ọkọ mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà, ní 2005. Ó wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ja ogun Hitler lọ́nà Bọ́mà. Alùpùpù ló ń gùn níbẹ̀, òun ló ń gbé iṣẹ́ àwọn ọ̀gá sójà láti ibùdó kan dé èkejì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ní Ìbàdàn tí kò sẹ́ni tí yóò máa wò ó mọ́, a mú un wá sọ́dọ̀ wa. Ọlájídé ọkọ mi nìkan ló bí. Àlàó loríkì ọkọ mi, òun sì ni bàbá ń pè é láti kékeré. Kò pè é ní Ọlájídé rí. Ìyá ọkọ mi pàápàá, Bàbá Àlàó ló ń pe ọkọ rẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ọdún àkọ́kọ́, ara bàbá yá gágá. Ọdún kejì, ó ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé kò sóògùn tó lè dá a padà. Oògùn niṣẹ́ tèmi náà, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Àwọn ará ìjọ á wá kí wa, wọ́n á ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, wọ́n á ní ẹ kú ìtọ́jú, wọ́n á sì gba ilé wọn lọ.

Ọkọ mi kò gbà. Ọ́fíìsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè àwọn sójà òfuurufú ní Camp Springs ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ibẹ̀ dé, kò ní tíì bọ́ kóòtù, yóò ti lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. "Bàbá, èmi ta nìyí?" Bàbá á wò ó, wò ó, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ mi á wá bá mi ní kíṣìnnì, ojú rẹ̀ á ti pọ́n. "Túndùn, kí ó sáà pè mí ní Àlàó lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tó bá wu Ọlọ́run kó ṣe." Ohun kan ṣoṣo tó ń wá láyé nìyẹn. Àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí, ó sì tún máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Àjíǹde, à ń gba títì Route 1 bọ̀ láti Riverdale Park. Obìnrin òyìnbó kan kó ẹrù ọkọ rẹ̀ tó ti kú síta, ó ń tà á níwájú ilé: àga, àwo, aṣọ òtútù, àti alùpùpù kan tó dípẹtà dé egungun. Bàbá, tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí yìnyín ti ń bọ́, fi ọwọ́ méjèèjì gbá gíláàsì mọ́tò. "Dúró! Máṣílẹ́ẹ̀sì! Dúró!" Orúkọ ará inú Bíbélì kan ni mo rò pé ó ń pè. Ọkọ mi tẹ búréèkì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lẹ́yìn wa fi fi fèrè mọ́tò bú wa.

Obìnrin náà ní alùpùpù Harley ni, pé Harley àwọn sójà Amẹ́ríkà ni ọkọ òun máa ń sọ pé ó jẹ́. Bàbá ti bọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fi ọwọ́ wọ́ fọ́ọ̀kì iwájú, irin méjì tó di táyà mú, wálẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, irin náà rọ̀ díẹ̀, ó sì tún padà sókè. Bàbá rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn látọjọ́ tó ti dé Amẹ́ríkà. "Máṣílẹ́ẹ̀sì," ó tún wí.

Bí irin jíjẹrà ṣe wọlé mi nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ mi fi sáńpépà ha tánkì rẹ̀, ọ̀dà dúdú ló kọ́kọ́ ṣí kúrò, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà C kan yọ, funfun, pẹ̀lú nọ́ńbà tó tò tẹ̀lé e. Ó tún rí ọfà kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, àmì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi sí ẹrù ogun wọn. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sí àwọn òyìnbó arúgbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń tọ́jú irú ẹ̀. Wọ́n fèsì pé kì í ṣe Harley rárá, Matchless ni, Máṣílẹ́ẹ̀sì tí bàbá ń pè gan-an, ti àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1942. Pé fọ́ọ̀kì tó ń rọ̀ yẹn gan-an ló fi hàn.

Ẹ wo ayé. Ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ orúkọ irin. Ó dùn mí fún ọkọ mi, ṣùgbọ́n inú tirẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Tó bá lè rántí èyí," ó ní, "yóò rántí mi. Ọ̀nà kan náà ni èmi àti irin yìí máa gbà wọlé sí i lórí."

Gbogbo ìgbà ooru ló fi tú u palẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà. Ó ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù fún èyí tó ti jẹ tán. Abọ́ tí mo fi ń po mọ́ínmọ́ín ló bu kẹrosíìnì sí, ó rẹ kábúrétọ̀ sínú rẹ̀. Mo bú u, mo bú alùpùpù, mo bú Bọ́mà. Bàbá jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà mi, fìlà lórí, ó ń wo iṣẹ́ náà. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń padà sí i lẹ́nu. "Yọ ìyẹn ná." "Má fún un le jù." Ó ń sọ nípa ẹrẹ̀ Bọ́mà tó ń gbé táyà mì. Ó ń béèrè Tájù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ọ̀yọ́ tí wọ́n jọ lọ sógun tí kò bá a bọ̀. Ọkọ mi á wò mí bí mo bá gbé tíì wọlé, ojú rẹ̀ á máa sọ pé, ṣé o rí i báyìí? Mo rí i. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí i.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lórí igi ni mo gbọ́ ohun kan. Bàbá na sípánà sí ọkọ mi, ó ní, "Ẹ gbà, sà."

Mo dúró. "Bàbá Zoe, ẹ gbọ́? Bàbá ń fi 'ẹ' bá yín sọ̀rọ̀."

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá mẹkáníìkì ni mí. Ṣé kí ó má bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá ni?"

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Orí ọkọ mi funfun báláú. Ìdílé wọn ló ti rí bẹ́ẹ̀, wọn kì í pẹ́ hewú. A kò ronú sí i. Ọlọ́run ló mọ̀ pé a kò ronú sí i.

Iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Sátidé kan tí òtútù ti ń mú. Alùpùpù náà dúró, àwọ̀ ewé sójà, lẹ́tà C àti nọ́ńbà rẹ̀ funfun lára tánkì. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ọkọ mi rọ ọ́ílì sí i, ó bu epo bẹntiróò sí i, ó fẹsẹ̀ ta á. Kò dáhùn. Ó ta á, ta á, títí ó fi làágùn nínú òtútù. Zoe, ọmọ wa, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kámẹ́rà.

Bàbá dìde lórí àga. Ó rọra fọwọ́ ti ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jẹ́ n bá yín wò ó, sà."

Ó fi ìka tẹ bọ́tìnì kékeré kan lára kábúrétọ̀ títí epo fi yọ sí i níka. Ó fa irin kan lẹ́nu ọwọ́ alùpùpù sẹ́yìn, ó di òmíràn mú. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ irin tí wọ́n fi ń ta á wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jẹ́ kó padà sókè, ó wá gbé gbogbo ara lé e. Pù. Pù-pù. Pùpùpùpùpù! Ìgbà yẹn ni mo mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí orúkọ alùpùpù.

Ẹ̀yìn bàbá nà tọ́ọ́nrọ́n. Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ: pé òjò ò ní dá òun dúró, pé kí wọ́n sọ fún Tájù kó máa bọ̀, pé òun á ti débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ bàbá mú. "Bàbá! Bàbá mi! Èmi ta nìyí?"

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó wò ó láti orí funfun yẹn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wá ṣí fìlà. Ó rọ ara sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò ní rógun."

Yéè! Níbo ni wọ́n ti ń ṣe é? Ọkọ mi ké bí ẹni tí omi gbóná dà lé, ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rẹlẹ̀ ju bàbá rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló na gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì ọlọ́ílì yẹn, wọ́n doríkọ ara wọn. Zoe kígbe lédè Gẹ̀ẹ́sì pé Grandpa ti ṣubú. Ọmọ tí wọ́n bí sí Hyattsville, kí ló mọ̀? Èmi tí mo mọ̀, mi ò mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ gbé dìde.

"Bàbá, Àlàó ni mí," ọkọ mi wí láti ilẹ̀. "Èmi Àlàó. Ọmọ yín nìyí."

Bàbá rẹ́rìn-ín ìtìjú, bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí àgbàlagbà bá ṣàwàdà. "Háà, bàbá, mi ò tíì gbéyàwó. Ogun la wà. Ṣùgbọ́n orúkọ yín dùn mọ́ mi. Àlàó." Ó tún un pè, ó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. "Bí Ọlọ́run bá mú mi délé, tí mo gbéyàwó, tí mo bí ọkùnrin, Àlàó ni n óò máa pè é, kí n má baà gbàgbé yín."

Ọkọ mi kò gbé ojú kúrò nílẹ̀.

"Àmín," ó wí. "Ẹ ó délé, sà. Ẹ ó bí i."

Alùpùpù náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà mi. Ọkọ mi da aṣọ bò ó, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi náà ò bínú àyè mọ́. Bí àwọn ará ìjọ bá bi wá bóyá bàbá ti ń sọ̀rọ̀, a ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá tún pa òwe òkété yẹn létí mi, yóò gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu mi. Òwe náà kò sọ pé òkété yóò gbàgbé pé ọmọ òun ni.

Láràárọ̀, ọkọ mi máa ń yára lọ bá a lórí ibùsùn kó tó dìde, kó má baà ráyè dọ̀bálẹ̀. Á kúnlẹ̀, á máa wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Àlàó tó ń wá, ó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ báyìí. Bàbá á tẹrí ba fún un lórí ibùsùn níbẹ̀, á ní, "Bàbá Àlàó, ẹ káàárọ̀, sà."

Orúkọ tí ìyá ọkọ mi máa ń pe bàbá fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ọkọ mi á dáhùn, á sì mú ẹsẹ̀ kejì.