Ọ̀nà Tí Òwú Gbà Dé Mẹ́kà

Ìgbà òtútù ni wọ́n sin Tàwàkálítù. Yìnyín bo ilẹ̀, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò, oòrùn kò sì yọ rárá lọ́jọ́ náà. Ọkọ rẹ̀, Alhaji Adéwọ̀yìn, dúró létí sàréè, ó ń wo àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n fi ìhà ọ̀tún rẹ̀ lélẹ̀, tí wọ́n sì dojú rẹ̀ kọ ibi tí lèmọ́mù nawọ́ sí. Bàbá kò béèrè nǹkan kan. Ta ní í béèrè ọ̀nà lọ́jọ́ tí ilé rẹ̀ wó?

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, ó lọ kí sàréè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Oòrùn ń yọ bọ̀. Ó wo oòrùn, ó wo sàréè. Ojú ìyàwó rẹ̀ kò kọ ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ó yà sí òsì, síhà àríwá, níbi tí òtútù ti ń wá. Ní Ìwó tí wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ìlà-oòrùn ni wọ́n bá àwọn bàbá wọn tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Nígbà tó padà délé ọmọ rẹ̀ ní Hazel Crest, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, ó lọ wo máàpù ayé tó wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mẹ́kà wà lápá ọ̀tún Chicago, nísàlẹ̀. Báwo ni ẹni tó ń lọ sísàlẹ̀ ṣe máa kọjú sókè?

Láti ọjọ́ náà ló ti yí ẹní ìkírun tirẹ̀ padà síhà ìlà-oòrùn, níbi tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí. Nígbà tó sì di Sátidé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Khàdíjàh, wọ́n sin ìyá rẹ lódì. A ó tú sàréè náà."

"Daddy! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Lèmọ́mù ò ṣàṣìṣe. Fóònù gan-an, ibẹ̀ ló ń tọ́ka sí."

"Ṣé fóònù tó ní ká yà sínú kòtò lọ́jọ́ tí à ń lọ sí Lansing?"

"Wọ́n ń ṣe ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn ni, Daddy."

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá lọ sí ọ́fíìsì ibi ìsìnkú."

Khàdíjàh mọ bàbá rẹ̀. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè, ó ti pinnu nìyẹn. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún, ó sì pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Woodridge.

Juliana ni orúkọ ìyá náà. Ará ilẹ̀ Faransé ni. Ìlú Épinal ni wọ́n ti bí i, nínú igbó àti òkè, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń la gẹdú. Ìṣirò ló fẹ́ràn láti kékeré. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣì ń gba odidi yàrá, ní ìlú Grenoble, wọ́n mú un jókòó síwájú ọ̀kan. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni kó kọ́ kọ̀ǹpútà náà bí ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣe rí ọ̀nà tó yá jù lórí ayé tó rí róbótó, kó sì fi ti atẹ́gùn kún un. Iṣẹ́ yìí ló gba èwe rẹ̀, òun náà ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Ó ya ọ̀nà fún ọkọ̀ òfuurufú ní Chicago, lẹ́yìn náà ó kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì, títí irun rẹ̀ fi funfun tí ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Daud tó fẹ́ Khàdíjàh ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Juliana dé. Ó gbé bọ́ọ̀lù ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán ayé sí mọ́ àyà. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí níbi púpọ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ kú ọ̀sán o, àna mi."

"Ìyá Daud, ẹ dìde, kí orúnkún má lọ dùn yín."

"Ó ti ń dùn mí kí n tó kúrò nílé."

Wọ́n jókòó. Juliana kò wàásù. Ó ní nígbà tí bàbá òun kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí òun, ó bojú wolẹ̀, ó rí yìnyín lọ súà lórí òkun, ó sì pariwo mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pé awakọ̀ ti ṣìnà. "Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo sì ya ọ̀nà náà! Nígbà tó délé, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́ tán."

Alhaji kò rẹ́rìn-ín. "Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ bá mi wá òwú."

Òwú kan ṣoṣo ló wà nílé náà, inú agolo bisikíìtì tí Tàwàkálítù ń kó ohun ìránṣọ rẹ̀ sí ni. Látọjọ́ tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Khàdíjàh dìde, àmọ́ bàbá rẹ̀ ṣẹ́wọ́ sí i pé kó jókòó. Òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde. Òwú aláwọ̀ ewé ló mú wá, abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ náà, ó gún un mọ́ etí fìlà rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n," Juliana wí. "Ẹ̀yin ni kí ẹ dì í mú. Ẹ fi orí kan sí Chicago, kí ẹ fi èkejì sí Mẹ́kà. Ọ̀nà tó wù yín ni kí ẹ gbé e gbà."

Alhaji tẹ orí òwú mọ́ Chicago. Ó tẹ́ ẹ gba ìlà-oòrùn lọ, ó rọra rẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ títí ó fi kan Mẹ́kà.

"Ó dé," ó wí.

"Ó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dẹ̀. Ẹ fà á le. Òwú tó bá le, ọ̀nà tó kúrú jù ló ń gbà."

Ó fà á. Òwú náà kúrò níbi tó tẹ́ ẹ sí, ó ń yọ́ gòkè fúnra rẹ̀ lórí òkun, ó sì fìdí kalẹ̀ sókè lọ́hùn-ún. Bàbá dá a padà sísàlẹ̀, ó tún fà á. Ó tún gòkè. Ó tẹ orí ba, ó wo ẹsẹ̀ òwú ní Chicago. Kò kọjú sí ìlà-oòrùn. Ó yà sí òsì, síhà àríwá, gẹ́gẹ́ bí sàréè ṣe yà.

Khàdíjàh ń wo ilẹ̀.

"Òwú ìyàwó yín ni o," Juliana wí jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe kọ̀ǹpútà mi." Ó na ìka tó ń gbọ̀n sórí ilẹ̀ Faransé. "Ẹ tiẹ̀ wo ibi tó gbà kọjá. Épinal rèé. Ẹnu ọ̀nà bàbá mi ló gbà."

Alhaji wo ibẹ̀ títí.

"Tàwàkálítù kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni láìkí wọn," ó wí.

Ó ká òwú náà padà mọ́ ara rẹ̀, ó fa abẹ́rẹ́ yọ létí fìlà, ó sì kó méjèèjì sínú agolo. Ó béèrè lọ́wọ́ Khàdíjàh bóyá ó ti fún ìyá ọkọ rẹ̀ lóúnjẹ. Nígbà tí àkókò ìrun Àsárì tó, ó ṣe àlùwàlá, ó mú ẹní rẹ̀ nílẹ̀, ó yí i kúrò níbi tó wà, ó sì tẹ́ ẹ síhà ibi tí Tàwàkálítù kọjú sí.